Ojú Ewé Tí Ikán Jẹ

Ní ilé iṣẹ́ bídì wa ní Kannur,
ọwọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀, etí ní iṣẹ́ tirẹ̀.
Ọwọ́ ń gé ewé, ń bu tábà, ń wé, ń fi òwú pupa so ó;
etí ń gbọ́ mi.
Èmi kì í wé ẹyọ kan.
Àádọ́ta ènìyàn ló ń wé díẹ̀ kún tiwọn fún mi
kí n lè jókòó sórí àga gíga yìí, kí n máa kàwé.

Ìwé ìròyìn ni ti àárọ̀. A ó bú ìjọba díẹ̀, a ó mu tíì.
Bí oòrùn bá yẹ àtàrí, Kelappan á sọ àlùmọ́gàjí rẹ̀ kalẹ̀:
"Pokkan, gbé atukọ̀ wa jáde."

Raru ni atukọ̀ náà, inú ìwé ló ń gbé,
ìwé tí èèpo rẹ̀ ti bọ́, tí mo fi àpò ìrẹsì rán.
Ìgbà keje rèé.
Ọ̀gá tuntun ní kí la tún fẹ́ gbọ́ níbẹ̀,
ṣé a kò tíì mọ ẹni tó kú ni?
A mọ̀ ọ́n. A mọ ẹni tó sunkún èké níbi òkú rẹ̀,
a mọ ẹni tí kò san owó ọkọ̀.
Ẹni tó ka ìwé lẹ́ẹ̀kan, àlejò ni nínú ilé yẹn:
kò mọ ibi tí òrùlé ti ń jò.

Nígbà àkọ́kọ́, Devu ọmọ Raru la sunkún fún.
Lẹ́ẹ̀kejì, Chathu ní kí n dúró ná:
ta ló ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́?
Ọdún tí a daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta,
ibi tí agbowó-orí ti ń ka àgbọn Raru ní ọ̀kọ̀ọ̀kan,
tí a máa ń rẹ́rìn-ín sí títí tábà á fi fọ́n ká,
a dé ibẹ̀, òjò nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lórí òrùlé.
Lẹ́tà kan ò yí padà nínú ìwé o.

Nani, láti ìgbà tí òkun ti gbé ọkọ rẹ̀,
kì í bẹ̀bẹ̀ fún ohunkóhun, àfi ojú ewé àádọ́rin,
ibi tí Raru ti wọlé lóru, tó tutù bí ẹja,
tí ìyàwó rẹ̀ kò bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀.
"Tún un kà." Mo tún un kà.
"Rọra." Mo rọra.

Òjò ọdún tó kọjá, ikán wọ àpótí.
Ojú ewé àádọ́rin nìkan ni wọ́n jẹ,
bí ẹni pé àwọn náà ti ń gbọ́ láti inú ògiri.
Mo dé ibẹ̀, ihò ni mo bá. Mo dákẹ́.
Nani ò gbójú sókè, òwú wà lẹ́nu rẹ̀:
"Ó wọlé. Omi ń kán tótó lára rẹ̀."
"Ó kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀ ná," Chathu ló sọ bẹ́ẹ̀.
"Irọ́! Ìrẹsì tútù ló béèrè."
"Ta ní béèrè? Obìnrin náà ló gbé e fún un, kò sọ̀rọ̀."
Ọjọ́ mẹ́rin la fi jà sí i! Gbogbo bídì wa wọ́,
alágbàtà dá a padà.
Nígbà tó yá, ẹnu kò, a sì ń kà á bẹ́ẹ̀,
ẹnu mi ń sọ ọ́, ojú mi ń wo ihò.

Lóṣù tó kọjá, Kunhambu lọ sí Thalassery,
ó ra ẹ̀dà tuntun bọ̀, òórùn yíǹkì ṣì wà lára rẹ̀.
A pàtẹ́wọ́. Mo ka ojú ewé àádọ́rin bí òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́.
Ìlà mẹ́rin péré. Kò sí ìrẹsì níbẹ̀.
Obìnrin náà ń sùn.

Àlùmọ́gàjí dúró.
"Kì í ṣe èyí," ni Nani wí.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti ka ojú ewé yìí kí ikán tó dé?
Kí ni mo ti ń kà?

Mo pa ìwé tuntun dé. Mo ṣí ti àpò ìrẹsì.
"Ó wọlé," mo ní, mo ń wo ihò. "Omi ń kán..."
Ọwọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wé.