Olórí Ilé

Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè, àárọ̀ Fúráìdeè:
iṣẹ́ mi nínú ọ̀sẹ̀ tán síbẹ̀.
Ẹyin ni mò ń ṣà ní oko adìyẹ lójú ọ̀nà Ògèrè,
ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀.
Èyí tó bá sán, inú ike mi ló ń bọ́ sí.

Gbọ́lágadé kó lọ lọ́jọ́ tí òjò kẹta ọdún rọ̀.
Kò sí ariwo. Ó kó rédíò, ó gbé bẹ́ẹ̀dì,
ó gbé ìkòkò ńlá tí mo fi owó àjọ rà,
ó ní òun náà dá nínú àjọ ọ̀hún.
Ó fi jígí sílẹ̀ torí pé ó ti sán,
ó sì fi owó ilé oṣù mẹ́ta sílẹ̀,
ní gbèsè.

Ìyá Ọnàkọ̀mayà ló gbọ́ pé wọ́n ń kọ orúkọ
fún owó ìrànwọ́ ní kánsù Ìkẹ́nnẹ́.
"Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kún, ẹni tó ń dá gbé,
wọ́n ní ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú."
Ẹ̀tọ́.
Mo fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu bí obì
tí n kò mọ ẹni tó fún mi.

Túsìdeè ni mo gun ọ̀kadà lọ, ọjọ́ tí n kì í ṣiṣẹ́,
ẹgbẹ̀rin náírà ní àlọ, àbọ̀ kò tíì sí níbẹ̀.
Àádọ́ta èèyàn lórí bẹ́ǹṣì mẹ́rin.
Akọ̀wé ń jẹ́ Ṣófowórá, ohùn rẹ̀ kò burú.
"Èló lẹ ń gbà lóṣù?"
Mo sọ fún un.
"Èyí ju ti ẹni tí kò níṣẹ́ lọ."
Mo ní kò tó ti ẹni tó níṣẹ́.
Ó kọ nǹkan, ó pa á rẹ́.
"Àárín lẹ wà, màdáámù. Fọ́ọ̀mù wa kò ní àárín."

"Ọkọ yín ńkọ́?"
Ó ti lọ.
"Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ dà?"
A kò gba kóòtù wọlé,
báwo la ṣe máa gba kóòtù jáde?
"Nínú ìwé tiwa, ó ṣì wà nílé yín."
Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, n kò mọ ìgbà tó jáde.
Mo ní kí wọ́n bá mi yẹ ìwé ọ̀hún wò dáadáa,
bóyá wọ́n á rí bẹ́ẹ̀dì mi níbẹ̀.

Ó ní kí n gba lẹ́tà lọ́dọ̀ onílé,
lọ́dọ̀ baálẹ̀ àdúgbò, lọ́dọ̀ ọ̀gá oko adìyẹ,
bó bá sì ṣeé ṣe, lọ́dọ̀ Gbọ́lágadé fúnra rẹ̀,
kó wá jẹ́rìí pé òun kò sí.

Lálẹ́, mo mu gàrí wa, èyí tó kan dé gbòǹgbò eyín,
mo din ẹyin sísán méjì,
àṣìṣe ni, ọ̀kan ló yẹ kí n dín.
Iná fóònù ni mo fi kọ fọ́ọ̀mù náà.
Ìyá Ọnàkọ̀mayà dúró lẹ́nu ọ̀nà:
"Lèsí l'olórí ilé?"
Mo wo ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀,
sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ṣì mọ́ ju ìyókù lọ.
Mo kọ orúkọ mi, Mojírọ́lá Ọnàsílé,
orúkọ bàbá mi, kì í ṣe tirẹ̀.
Èèyàn mélòó ló wà nínú ilé?
Mo fa ìlà kan ṣoṣo, ó dúró bí ọwọ́ ìgbálẹ̀.

Mo yí ìwé sẹ́yìn. Lẹ́tà wínníwínní ló wà nísàlẹ̀:
ọjọ́ tí wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù padà ni
Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè,
àárọ̀ Fúráìdeè.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Mo pa iná fóònù, torí bátìrì.