Kùkùté Kọfí

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ orúkọ ẹlòmíràn sínú ìwé owó oṣù.
Lọ́jọ́ kan ní Lọ́kọ́ja, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri.
Mo fi ìka tọ àwọn orúkọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀,
mo tún fi tọ̀ wọ́n padà sókè,
bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sínú iyanrìn.
Mi ò sí níbẹ̀.
Akọ̀wé ẹ̀yìn fèrèsé ò tilẹ̀ gbójú sókè.
Ó ní, "Ẹ máa retí."

Mo retí.
Mo retí títí ìrètí fi di ìyàwó kejì nínú ilé,
èyí tí ń jẹun tí kì í dáná.
Ẹ̀bùn kò bá mi jà. Ó ta fìríìjì wa,
ó fi ra ìwé fáwọn ọmọ.

Ọkọ̀ gbé mi gba Ọ̀bàjànà,
eruku símẹ́ńtì bo ewé ẹ̀bá ọ̀nà,
bí ìgbà tí igbó hewú láìtọ́jọ́.
Ní Ògìdì, àpáta jókòó síbi tí mo fi í sí.
"Òkun o," ni wọ́n ń kí mi, "ìsinmi tọdún yìí mà gùn o."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Irọ́ kò lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ ó bá mi rìn délé.

Éékà méjì kọfí ni bàbá mi, Mẹ́dúpìn, fi sílẹ̀ lọ:
igi tó ga ju ọwọ́ àwa tó jogún rẹ̀,
ẹ̀ka gbígbẹ, ìtàkùn,
èso tí kò kún agolo mílíìkì.
Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìyá Ọbárótìmí, na ayùn sí mi.
"Gé e mọ́ orúnkún."
Mo ní, "Yóò kú."
Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, o kú?"
Ó wá ibi tó tutù jókòó sí, ó ń bó ọsàn.

Ọjọ́ mẹ́rin. Àtẹ́lẹwọ́ tó mọ bíírò nìkan bó, ó sẹ̀jẹ̀, ó yi.
Nígbà tí mo parí, oko náà rí bí itẹ́ òkú.
Mo sunkún níbẹ̀, mi ò ní purọ́.
Kì í ṣe tìtorí kọfí.

Lẹ́yìn òjò kẹta, wọ́n yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté,
mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, tí gbogbo wọn fẹ́ di igi.
Ìyá ní kí n fi mẹ́ta sílẹ̀, kí n já ìyókù.
Èyí ló le jù gígé lọ.
Mo já èyí tó ń jẹ́ Wọn-Yóò-Pè-Mí-Padà.
Mo já èyí tó ń jẹ́ Ta-Ló-Yọ-Orúkọ-Mi.
Èyí tó ń jẹ́ Ọ̀gá, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń yí i po
kí ọwọ́ mi tó gbà á.

Kò ní so lọ́dún yìí. Ó lè má so lẹ́ẹ̀mí-ìn.
Mo gbin ẹ̀gẹ́ sáàárín rẹ̀,
mo ń bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ṣírò owó, iṣu ni wọ́n fi ń san án.
Aago márùn-ún ìdájí ṣì ń jí mi,
bí ẹni pé bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ń fọn fèrè níta.
Lánàá, mo ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì tán kí n tó rántí.
Mo wọ̀ ọ́ lọ sóko bẹ́ẹ̀.
Kí n tó dé ìlà kẹta,
ìrì ti rọ kọ́là rẹ̀.