Mo Wà Nísàlẹ̀

Àjà kẹta la fi ìpàdé sí.
Èmi ni mo yàn án, kì í ṣe ẹlòmíì.
Mo ní atẹ́gùn ọ̀sà yóò máa fẹ́ sí wa lára,
mo ní láti ojú fèrèsé yẹn
a ó máa wo afárá gígùn tó gba orí omi lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó.
Mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé ìkéde,
mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ ní Akọka:
Ìjíròrò Gbogbo Akẹ́kọ̀ọ́.
Kò sẹ́ni tọ́rọ̀ ò kàn.

Yàrá kún. Àwọn kan jókòó sórí tábìlì.
Mo ti há òwe kan sórí láti àárọ̀:
ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ,
ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.
Mo gbé e kalẹ̀ bí ẹní gbé omi tútù fún àlejò.
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú ara mi dùn sí mi.

Fóònù gbọ̀n lápò mi.
Mautin ni, ọmọ Ògù, ọlọ́dún kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò,
tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja ní Mákòkó.
“Mo wà nísàlẹ̀.”
Mo kọ́kọ́ rò pé Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń wí.
Òmíràn wọlé tẹ̀ lé e:
“Àtẹ̀gùn mẹ́tàlélógójì ni, wọ́n ti kà á fún mi.
Kẹ̀kẹ́ mi ò mọ̀ ọ́n gùn. Ẹ bá mi kí wọn.”

Òwe mi yí ojú padà, ó ń wò mí.
Ta ló gbé pẹpẹ sókè?

Mo ka iṣẹ́ náà sí wọn létí.
Dẹ̀hìndé, olórí ilé-ìbùsùn wa, dìde, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì:
“Ẹ jẹ́ ká lọ gbé e wá. Ọkùnrin mẹ́rin ti tó.
Ṣebí àná la gbé fìríìjì gòkè.”
Mo fi ránṣẹ́. Èsì dé kí n tó mí:
“Èmi kì í ṣe fìríìjì.
Ẹ̀yin lẹ lẹ́sẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

Kosiso ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín,
òun náà ló kọ́kọ́ gbé àga rẹ̀ kàrí.

Abẹ́ igi fúrúùtù la tò sí, létí ọ̀sà.
Ẹ̀fọn jẹ wá. Èéfín ẹja ń ti òdìkejì omi bọ̀.
Ohùn kò ga, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wúwo.
Hadiza, tó ti Kátísínà wá, ní:
“Bí ẹ bá ń fi Yorùbá rẹ́rìn-ín ní kíláàsì,
ìwé mi ni mo máa ń wò.”
Kò sẹ́ni tó rí nǹkan fi dá a lóhùn.
Mautin ní àwọn baba òun ti ń wa ọkọ̀ lórí omi yìí
kí wọ́n tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn níhìn-ín,
síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi òun pé
ìlú wo gan-an lo ti wá?
Dẹ̀hìndé ní èwo ni ti ẹ̀sùn nínú ìyẹn,
ìbéèrè lásán.
Ariyanjiyan bẹ́ sílẹ̀. Ó bínú lọ.
Ó padà wá mú fìlà tó gbàgbé,
ó dúró díẹ̀,
ó jókòó.

A ò parí ọ̀rọ̀ kankan lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ilẹ̀ ṣú, a kó àga padà sókè,
mo sì ń kà á bí mo ṣe ń gùn ún, èémí mi ń já.
Mẹ́rìnlélógójì ni.
Ẹni tó kà á fún un gbàgbé èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà,
kékeré kan báyìí, tí ẹsẹ̀ mi ò mọ̀ rí.
Mo fi ránṣẹ́ sí Mautin.
Ó ní, “Kọ ọ́ sílẹ̀.”