Àbàwọ́n Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Ṣe

Nítorí pé mo ya alángbá kan sójú pátákó ní kíláàsì,
tí Ìyáàfin Olúgbódi rí i, tó rẹ́rìn-ín kó tó pa á rẹ́,
wọ́n ní èmi ni kí n ya àmì ìwé ìròyìn wa.
"Gbọ́ Tiwa" ni wọ́n sọ ọ́. Ojú ewé mẹ́jọ.
Láwuyì tí í ṣe olóòtú ní tàdáwà lòun fẹ́,
tàdáwà tó ta sílẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ń kánjú.
Mo ní kò burú.
Ẹni tí kò yà á rí ló ń tètè sọ pé kò burú.

Nílé wa ní Òkè-Àdó, mo mú kọ́ńpáàsì,
mo fa òbíríkítí kan sí àárín,
mo fa kéékèèké mọ́kànlá yí i ká,
mo kùn wọ́n ní dúdú.
Ó jọ ẹyin díndín tó jóná.
Káfáyátù àbúrò mi ní aláǹtakùn ni,
ó ń bèèrè ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yòókù wà.

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Múdà ní Mọ́kọ́lá,
níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún gbì-gbì wọ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni.
Ó fi mí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní kí n di eku mú.
Eku sá fún mi lọ́tùn-ún, ó sá fún mi lósì.
Gbogbo ẹ̀kán tí mo fà ló ń gbọ́ràn,
wọ́n tò bí ọmọ ilé-ìwé tó ń dúró de ọ̀gá láàárọ̀.
Bọ̀dá Múdà wò ó, ó họ irùngbọ̀n:
"Èyí kò ta. Ńṣe lo tò ó.
Ohun tó bá ta kì í bèèrè ọ̀nà."
Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mú iná lọ.
N kò tíì fi í pamọ́.

Mo rántí bàbá mi àgbà, àáfà ni, ní Òkè-Ààrẹ.
Ìkòkò tàdáwà rẹ̀ kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé lọ.
Yóò kọ wàláà kún, yóò bu omi sí i,
ọ̀rọ̀ á ṣàn lọ, wàláà á mọ́.
Gègé rẹ̀ kì í kán ẹ̀kán kan sílẹ̀ láéláé.
Irú ilé tí mo ti jáde nìyẹn,
wọ́n sì wá ní kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń dà á nù.

Ní Sátidé, mo rọ tàdáwà sínú ọmọrí ike kan ní ẹ̀yìnkùlé,
mo ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ bọ̀ ọ́,
mo fi àtàǹpàkò fa irun rẹ̀ sẹ́yìn, mo jọ̀wọ́ rẹ̀.
Féré-féré lásán, bí eruku ọyẹ́.
Mo nawọ́ sókè, mo jù ú: bébà gba díẹ̀, ògiri gba díẹ̀.
Bébà mẹ́rìndínlógún.
Níkẹyìn inú bí mi, mo gbọn ọwọ́ dànù, pàá!
Ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé mi tó wà lórí okùn ló gbà á.

Màmá mi lo ọsàn wẹ́wẹ́, ó lo iyọ̀, ó lo omi gbígbóná,
lẹ́yìn náà ó wá lo ẹnu.
Ẹnu nìkan ló wọlé.
Èmi ń gbọ́, ṣùgbọ́n ojú mi wà lára ṣẹ́ẹ̀tì:
àárín rẹ̀ wúwo, apá kan ya lọ
bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kó tó jókòó,
ẹ̀kán kan ṣoṣo sì lọ dá wà nídìí àpò,
kò bá ẹnikẹ́ni ṣe.
N kò lè ya irú rẹ̀ láéláé. Èmi náà ni mo yà á.

Ní Mọ́ńdè, Bọ̀dá Múdà tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì sórí gíláàsì ẹ̀rọ,
bọ́tìnnì ń kan gíláàsì kó-kó.
Ó bèèrè ẹni tó kọ́ mi. Mo ní ìbínú ni.

Wọ́n tẹ igba ẹ̀dà.
Wọ́n ṣi orúkọ ọ̀gá àgbà kọ lójú ewé kìíní,
ìyẹn ni gbogbo ẹnu ń sọ, kò sẹ́ni tó dárúkọ àmì mi.
Àfi ọmọkùnrin kékeré kan lábẹ́ igi máńgòrò,
tó fi itọ́ ra ìka, tó ń rọra nù ún,
tó gbé ìka sókè wò bóyá ó dúdú.
Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. N kò sọ fún un.
Ó tún nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i.