Irú Kẹtàdínlógún

Oṣù kẹfà ni wọ́n pè é, afẹ́fẹ́ ṣì ń bu ni létí jẹ
lẹ́yìn ìlú Sleaford, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ
bí ẹní tí ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó lé.
Mo kúnlẹ̀, mo ń ka nọ́ńbà lára pátákó pẹlẹbẹ:
ogójì irú àlìkámà, ọgọ́rin ìpín.
A fún ìdajì ní ajílẹ̀ ní àjẹyó.
A ò fún ìdajì ní nǹkan kan;
ohun tó bá bá nínú ilẹ̀ ni kó jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọkà kan náà ni gbogbo ọkà,
ẹ wá wo irú kẹrin.
Ó tutù minimini bí gbúre ẹ̀bá àkìtàn,
ó ń mu náítírójìn bí ẹni tí ọtí ọ̀fẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́.
Ewé ń bẹ, pòròpórò ń bẹ,
inú pòròpórò náà ni ọlá ọ̀hún ń sùn sí.
Ṣírí rẹ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ìlérí.

Irú kẹtàdínlógún kò ga ju orúnkún lọ.
Àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣá bí ojú ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: kò lè dá nǹkan kan.

Ọ̀gbẹ́ni Thackray, onílẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
yọjú wo ohun tí mo kọ.
"Ìwọ, orí lò ń wò. Wo ìdí."
Mo gbẹ́ ilẹ̀. Amọ̀ le. Mo gbẹ́ ẹ títí
apá mi fi wọlẹ̀ dé èjìká.
Mo fọ gbòǹgbò náà nínú abọ́ omi tútù,
àṣé irun ló kún ara rẹ̀,
irun wínníwínní, ó rọ̀ mọ́ erùpẹ̀
bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú,
ó ń tọrọ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà
tí àwọn yòókù ti ní kò sẹ́nìkan nílé.

Èmi àti Fadérera, àbúrò mi,
àwo kan náà la jẹ ní Ìgbájọ.
Èmi ni wọ́n ń bu ẹran fún, torí èmi ni wọ́n rán níwèé.
Òun ló fi ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ti dípẹtà
kọ́ ilé tí ìyá wa ń sùn.
N ò sọ èyí fún Thackray.

Oṣù kẹjọ, ẹ̀rọ ìkórè kékeré gba àárín wọn kọjá,
eruku sọ gbogbo wa di arúgbó.
Òṣùwọ̀n kò mọ ẹni tó léwé.
Ní ìpín tí a kò fún lóńjẹ,
irú kẹtàdínlógún fi kílò méjì ju irú kẹrin lọ.
Mo fẹ́ pariwo. Thackray ní kí n fara balẹ̀,
ó nawọ́ sí ìpín rẹ̀ kejì, èyí tí a bọ́ yó:
òjò kan ṣoṣo, ó ti dùbúlẹ̀ gbalaja.
"Ebi ló mọ̀ ọ́n ṣe," ó ní, "kò mọ ọlá í ṣe."

A rìn lọ sí etí kòtò omi.
Ó tutù yọ̀yọ̀, àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀:
ajílẹ̀ tí irú kẹrin kò lè gbé mì
ni òjò fọ̀ wá síbẹ̀.
Thackray ní òun ti mú ẹja níbẹ̀ rí, lọ́mọdé.
Ó wo omi náà pẹ́. Ó tutọ́, ó sì lọ ilé.

Lálẹ́, mo pe Fadérera.
Mo sọ̀rọ̀ gbòǹgbò fún un títí owó ìpè fi fẹ́ tán.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ṣé èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ni?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Ó dùn?"
Ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ kan ń bẹ nínú àpò kóòtù mi.
N ò tíì tọ́ ọ wò rí.