Ìwé Tí A Ká Lẹ́ẹ̀mẹrin

Ọjọ́ Sátidé ni í máa ń wá, bí òjò bá ti dá díẹ̀,
tí gọ́tà Gilmore ṣì ń pọ omi sí títì.
Isagani, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
ìyẹ̀fun ṣì wà létí rẹ̀,
nítorí láti aago mẹ́ta òru ló ti ń po búrẹ́dì
ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Cubao.
Kì í béèrè nǹkan kan.
Yóò fa ìwé kan yọ, tí ó ká lẹ́ẹ̀mẹrin,
yóò tẹ́ ẹ sórí káńtà mi, yóò máa wò ó.

Èmi Rosenda, ó di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà.
Mo mọ ẹni tó wá rajà,
mo mọ ẹni tó wá gba atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù lásán.
Ti ọmọ yìí kò yé mi.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún pẹ́sò ló kọ sókè,
ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń kìlọ̀ fún ara rẹ̀.
Káàdì àwòrán fún géèmù: ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá.
Ọpọlọ ẹ̀rọ: mẹ́fà.
Àpótí onígíláàsì tó ń tan iná aláwọ̀ méje: mẹ́ta.
Owó bùṣe.
Bọ́ọ̀dù tí gbogbo wọn yóò jókòó lé ńkọ́?
Ìrántí ńkọ́? Kí ni yóò gbé iná fún un?
Mo rẹ́rìn-ín sínú:
ó ti ra fìlà, ó ti ra bàtà, ó gbàgbé ṣòkòtò.

Sátidé kejì, káàdì ti di àlòkù, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án.
Mo ní, "Ọmọ, wọ́n ti fi ìyẹn wa owó nínú afẹ́fẹ́ tọ̀sán tòru,
fáànù rẹ̀ ń hó bí ìkòkò."
Kò fèsì. Ó fi àmì ìbéèrè kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà kan ọkùnrin kan wọlé, kò béèrè iye,
ó nàka sí èyí, ó nàka sí tọ̀hún,
ó sanwó bí ẹni ń ra ẹ̀pà.
Lọ́jọ́ yẹn, Isagani kò ká ìwé rẹ̀ kó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ iná ló kọ́kọ́ mú wa sọ̀rọ̀ dáadáa.
Ó fẹ́ ra páwà ẹlẹ́gbẹ̀ta pẹ́sò.
Mo sọ ti àbúrò mi Nonoy fún un:
iná tó lọ láìdágbére, tó padà bí olè tó já ilẹ̀kùn,
èéfín funfun kan, òórùn irun tó jóná,
wàhálà ọdún kan di eérú.
Ó mú rọ́bà, ó pa á rẹ́, ó tún pa á rẹ́,
títí ìwé fi lu.
Inú ihò yẹn ni àpótí onígíláàsì bọ́ sí.

Sátidé keje, ó kówó dé.
Owó ẹyọ pọ̀ níbẹ̀, ó ń rùn bí ìwúkàrà.
Ogóje pẹ́sò ló kù.
Ọ̀gá mi Uy ń wò wá láti ẹ̀yìn ìwé ìṣirò,
n kò lè bù kún un.
Mo yọ fáànù kan kúrò. Ó mi orí.
"Àpótí ńkọ́?"
Ó gbé páálí bísíkíìtì kan sókè,
ó ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ ihò sí i lára, ihò tó tọ́,
ibi tí ooru yóò gbà jáde, ibi tí wáyà yóò gbà wọlé.
"Mo ti wọ̀n ọ́n," ló wí.
Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́.

Ó gbàgbé ìwé náà sórí káńtà.
Mo yí i padà.
Ọwọ́ mìíràn ló kọ ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ àgbàlagbà, lẹ́tà tó wọ́:
Ìrẹsì. Oògùn ìyá àgbà. Owó ilé.
Bàtà Isagani, wọ́n fagi lé e. Wọ́n tún un kọ. Wọ́n tún fagi lé e.

Mo ká a lẹ́ẹ̀mẹrin,
mo fi sábẹ́ ẹ̀rọ ìṣirò mi.
Bóyá yóò padà wá fún fáànù.