Kí O Tó Sọ Pé "Ẹ Má Jẹ Ẹ́"

Ìbíyẹmí, mo rí ẹ ní wọ́ọ̀dù láàárọ̀ Mọ́ńdè,
aṣọ funfun rẹ ṣì ń run ọ̀rá tí wọ́n fi dì í,
o kó bébà dání bí ẹni tó kó ewé ẹ̀kọ,
o ń kà á sí Bàbá Famúàgún létí:
"Ẹ má jẹ iyán. Ẹ má jẹ ẹ̀bà. Ẹ má jẹ dòdò."
Bàbá ní, "Ó dáa, ọmọ mi."
O rò pé ó gbà.
Bí o ti kẹ̀yìn sí i, ó ká bébà náà ní ìlọ́po mẹ́rin,
ó fi di obì.

Mi ò rẹ́rìn-ín.
Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí,
lọ́dún tí ọ̀nà Ìdó ṣì jẹ́ kòtò lórí kòtò.
Mo ní kí ìyá kan láti Ìlógbò gbàgbé iṣu pátápátá.
Ó wò mí láti orí dé bàtà:
"Ọmọ ta ni ọ́? Ṣé wọn kì í gún uyán nílé yín ni?"
Mo dákẹ́.
Ọmọ Ìkọ̀lé ni mí.
Iyán ni wọ́n fi já mi lẹ́nu ọmú.

Ìdánwò ń bọ̀, mo mọ̀.
Mọ iṣẹ́ kíndìnrín bí o ṣe mọ ọ̀nà ilé yín lóru.
Mọ ohun tí ẹ̀dọ̀ ń fi ọ̀rá ṣe.
Kẹ́mísìrì tí o ti ń sá fún láti ọdún kìíní,
padà lọ bá a, bẹ̀ ẹ́, jókòó tì í;
aláìsàn kan ń bọ̀ tí ẹ̀mí rẹ̀ yóò so mọ́ ìṣirò kan ṣoṣo,
kò sì ní sí ẹni tí o lè yọjú wo ìwé rẹ̀.

Ra òṣùwọ̀n kékeré.
Wọn iyán ilé yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án,
wọn òkèlè bàbá rẹ, jẹ́ kí ìyá rẹ bú ẹ díẹ̀,
títí ojú rẹ yóò fi mọ̀ ọ́n kí òṣùwọ̀n tó sọ̀rọ̀.
Se ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.
Ìwọ fúnra rẹ ni kó o jẹ ẹ́, ọ̀sẹ̀ kan gbáko.
Ìgbà náà ni kó o wá wí fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru
pé kò ṣòro.

Ọjọ́bọ̀ la sin Bàbá dé Ùsì.
O rí i fúnra rẹ.
Bàbá kọ́ ló ń bu iyán. Ìyàwó rẹ̀ náà kọ́.
Oyèbọ́lá ni, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
òun ló ń gún un, òun ló ń bù ú,
ó sì ń bu òkìtì
nítorí pé ó fẹ́ràn bàbá àgbà rẹ̀.
Ojú ìwé wo nìyẹn wà, Ìbíyẹmí?

O fi bébà sílẹ̀.
O fọwọ́, o di ìkúùkù: "Bí èyí ni kó mọ."
Oyèbọ́lá di tirẹ̀, ó fi wé e.
Ẹ̀bọ̀lọ̀ gba ìyókù àwo,
pẹ̀lú olú tí wọ́n já lẹ́yìn òjò àná.
Bàbá tẹjú mọ́ àwo náà
bí ẹni tí wọ́n pín ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láìpè é.
"Kò burú. Ṣùgbọ́n ìkúùkù ta ni?
Ẹ jẹ́ ká lo tèmi."
Ó na ọwọ́ tó ti ń kọ ebè láti ọgọ́ta ọdún síta,
ó dì í.
Ó tóbi ju orí Oyèbọ́lá lọ díẹ̀ ló kù.

Lọ́la ni wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.
Mi ò mọ iye tí ṣúgà rẹ̀ máa jẹ́, ìwọ náà ò mọ̀.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ yìí, ṣí fáìlì rẹ̀,
níbi tí wọ́n ti ń béèrè oògùn tí aláìsàn ń lò,
kọ orúkọ Oyèbọ́lá síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, lọ ka kẹ́mísìrì rẹ.